Orí Keje: Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ Pẹ̀lú Ọkọ̀ Tí Kì í Mu Epo

Lẹ́yìn Ìjẹ̀dẹ̀, ní etí ọ̀sà ní ìhà Ìkòròdú, ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbìn wà. Àárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ṣí i. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè pèsè 220 mẹ́gáwáàtì. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ó di 1,320. Kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń fi gáàsì pèsè iná ní Nàìjíríà tó tóbi tó o. Àwọn ará Ìkòròdú mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́ pé ìdí iná làwọn ń gbé, inú òkùnkùn làwọn ń sùn. Iná tó bá jáde ní Ẹ̀gbìn kì í yà sílé ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Orí wáyà àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń gbà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in, kí ilé-iṣẹ́ apíná Ikeja Electric tó wá gbé ìwọ̀nba tó kan Ìkòròdú padà fún un.

Bí ẹ bá wá gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ẹ yà sí apá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ilé ìfọpo Dangote lẹ máa bá níbẹ̀. Oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lóòjọ́. Iná wà lápá kan, epo wà lápá kejì, ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ sì wà láàárín wọn. Òun ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí. Ẹni tó bá ti lè fi ọkọ̀ oníná rìn ín lọ rìn ín bọ̀ láìjáyà, ìrìn àjò tó kù nípìnlẹ̀ Èkó kò ní í dẹ́rù bà á mọ́.

Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi ẹni tó ra ọkọ̀ oníná kì í yí padà: "Bọ̀dá, níbo lẹ ti máa ń ṣáàjì ẹ̀?" Èkejì kì í pẹ́ tẹ̀lé e: "Tó bá kú sọ́nà Àgbówà ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni méjèèjì, màá sì dáhùn wọn, ṣùgbọ́n àṣà ilé epo ló bí èkíní. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ epo gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ lọ bá epo níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ìṣẹ́jú mélòó kan ló fi máa rà á tí ìlà ò bá gùn, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ oníná máa ń lo wákàtí púpọ̀ láti gbaná, ṣùgbọ́n wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe nǹkan kan ni: òru tí a fi ń sùn, ọ̀sán tí ọkọ̀ fi dúró níbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí a fi jókòó níbi ìnáwó tí olórin kò fẹ́ kúrò lórí ìtàgé. Ẹ bá mi ro ọkọ̀ tiyín wò. Ìdúró ló ń ṣe jù. Nítorí náà, máàpù tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yà ni ti ibi tí ọkọ̀ yín máa ń dúró, kí ẹ wá béèrè èwo nínú wọn ló níná. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ ká wò ká tó ra irú ọkọ̀ yìí.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọkọ̀ yóò dé ṣáájú ohun tó ń jẹ. Ní oṣù Kẹjọ 1888, Bertha Benz, ìyàwó Karl Benz tó ṣe ọkọ̀ epo àkọ́kọ́ nílẹ̀ Jámánì, gbé ọkọ̀ náà jáde ní àárọ̀ kùtùkùtù láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ló wà á láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ìrìn tó tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Kò sí ilé epo kankan ní gbogbo ayé nígbà náà. Ohun tí ọkọ̀ yẹn ń mu ni ligroin, irú omi kan tí àwọn èèyàn ń fi yọ ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ, ilé olóògùn sì ni wọ́n ti ń tà á. Nígbà tí wọ́n dé ìlú Wiesloch, obìnrin náà wọ ilé olóògùn ibẹ̀, ó ra ohun tí wọ́n ní, ó bá tirẹ̀ lọ. Títí di òní ni àwọn ará Wiesloch ń fi ilé olóògùn náà yangàn pé òun ni ilé epo àkọ́kọ́ láyé. Bertha kò jókòó sílé kí ẹnì kan tó wá kọ́ ibùdó fún un. Ohun tó wádìí ni ẹni tó ti ń ta ohun tí ọkọ̀ òun nílò lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá ń ra káàdì iná NEPA mọ yúnìtì dáadáa: yúnìtì kan ni iná tí ohun èlò kìlówáàtì kan ń jẹ ní wákàtí kan. Yúnìtì kan náà ni wọ́n fi ń wọn bátìrì ọkọ̀. Ọkọ̀ oníná tí kò tóbi jù máa ń jẹ yúnìtì 15 sí 20 fún 100 kìlómítà. Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ tó nǹkan bí 60 kìlómítà, nítorí náà yúnìtì 10 ni kí ẹ fi sọ́kàn, tàbí 12 tí ọkọ̀ bá wúwo tàbí tí ẹsẹ̀ yín bá yá. Iná díẹ̀ máa ń ṣòfò sínú ooru nígbà tí bátìrì bá ń gbà á, nítorí náà yúnìtì 10 tó wọ inú bátìrì lè gba 11 tàbí 12 lára mítà yín.

Ní oṣù Kẹrin 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó yúnìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ọ̀wọ́ tó ń rí iná jù, sí 225 náírà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ó rọ̀ sí 206.80. Ẹ jẹ́ ká fi 210 ṣe é. Yúnìtì 12 jẹ́ 2,520 náírà. Ọkọ̀ epo tó ń mu lítà 9 fún 100 kìlómítà máa mu lítà márùn-ún lé díẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹ̀yin náà mọ ohun tí lítà márùn-ún ń dá sílẹ̀. Bí lítà kan bá jẹ́ 900, ó ti lé ní 4,500 náírà nìyẹn. Èrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà ṣe ń sọ ọ́, ó sì lè pòórá pátápátá níbi tí mo fẹ́ dé yìí.

Ibi tí mo fẹ́ dé ni ẹ̀rọ amúnáwá. Àwọn kan ti pinnu lọ́kàn wọn pé tí NEPA kò bá mú iná wá, àwọn á tan jẹ́nẹ́rétọ̀ ilé. Jẹ́nẹ́rétọ̀ bẹntiróòlù kékeré kì í sábà fún èèyàn ju yúnìtì kan àbọ̀ sí méjì lọ lórí lítà kan. Yúnìtì 12 á jẹ lítà mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹni náà ti jó epo ju ẹni tó fi ọkọ̀ epo lọ, ó tún fi ariwo àti èéfín kún un fún àwọn aládùúgbò. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, ọkọ̀ náà tún lè kọ̀ ọ́. Kí wáyà ìṣáàjì tó gba iná, ó máa ń wò ó bóyá wáyà ilẹ̀ wà nílé náà, èyí tí àwọn oníná ń pè ní áàtì. Ọ̀pọ̀ jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré kò ní in. Iná pupa á tàn lára àpótí wáyà náà, nǹkan kan ò sì ní í wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú náà kò ní áàtì tó dára. Ihò kẹta wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí èèyàn ṣe, kí ó tó san owó ọkọ̀, ni kí ó pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ wá ri irin áàtì mọ́lẹ̀, kí ó sì fa wáyà tó nípọn, tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti ibi mítà wá síbi tí ọkọ̀ ń sùn. Wáyà ìfàgùn tí a fi ń wo bọ́ọ̀lù ní àgbàlá kò lè ru iná yìí fún wákàtí mẹ́fà. Á gbóná, á yọ́, ilé á sì wọ wàhálà.

Ní ti bí ó ṣe ń yá sí, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán, tí a kò bá fẹ́ dà á láàmú, máa ń fún ọkọ̀ ní nǹkan bí kìlówáàtì méjì lé díẹ̀. Ó lè dá yúnìtì 10 padà ní wákàtí márùn-ún. Àpótí ara ògiri tí wọ́n ń dì mọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí lè dé kìlówáàtì 7. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń gbé sí ibùdó ìta, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 50 kìlówáàtì lọ sókè. Ohun tó mú kí ẹ̀kẹta yá bẹ́ẹ̀ ni pé iná inú bátìrì àti iná ara ògiri kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti ògiri ń lọ ó ń bọ̀; ti bátìrì ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń tọ̀. Nílé, ẹ̀rọ kékeré kan nínú ọkọ̀ ló ń yí èkíní sí èkejì, agbára ẹ̀rọ kékeré yẹn ló sì ń sọ bó ṣe máa yá tó. Ẹ̀rọ ńlá ìta ti ṣe ìyípadà náà kí iná tó dé ara ọkọ̀, ó kàn ń dà á sínú bátìrì tààrà.

Gbogbo èyí dúró lórí pé kí iná wà, kí ó sì pé. Òfin pín àwọn oníbàárà sí ọ̀wọ́: Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lóòjọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ẹ wo èyí tí àdúgbò yín wà, kí ẹ sì tún wo ohun tí ojú yín ń rí gan-an. Ẹni tó ń rí wákàtí mẹ́jọ, tí mẹ́fà nínú ẹ̀ bọ́ sí òru, ṣì lè fi sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì. Iná tí kò pé ló ń dani láàmú jù. Bí fóòtì bá já láti 230 sí 165, kìlówáàtì méjì àbọ̀ di kìlówáàtì kan àbọ̀ lé díẹ̀, wákàtí márùn-ún sì di méje. Àwọn wáyà mìíràn tilẹ̀ máa pa ara wọn títí iná á fi padà sípò. Nígbà tí gbogbo ilé bá ti pa ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ ìlọta, láàárín aago kan òru sí aago márùn-ún ìdájí, ni fóòtì máa ń dára jù. Ọkọ̀ tó bá ní aago ìṣáàjì nínú, ẹ ṣètò rẹ̀ sí àkókò yẹn kí ẹ lọ sùn.

Sólà ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, ó sì dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ. Páńẹ́lì mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 wáàtì lè fún èèyàn ní nǹkan bí yúnìtì 12 lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú nílẹ̀ Èkó, ìyẹn owó ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kan gbáko. Ní oṣù Keje tí òjò bá ń rọ̀ tí ọ̀run sì dúdú, ẹ má retí tó bẹ́ẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀sán ni oòrùn ń ràn, ọ̀sán náà sì ni ọkọ̀ ń lọ síṣẹ́. Ó dára jù fún olùkọ́ tó wà nílé lọ́jọ́ mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀, fún oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójúde ilé, fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Bátìrì inú ilé tí a ń fi tan fáàn àti tẹlifíṣọ̀n lóru kò tó nǹkan fún iṣẹ́ yìí: bí ó bá gba yúnìtì márùn-ún, kìlómítà bíi 25 ló máa fún yín, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ á sì sun inú ooru.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹnu wáyà, nítorí pé ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣègbé. Ọkọ̀ tó wọ Èkó kò wá láti ibì kan náà. Èyí tó wá láti Yúróòpù ní ẹnu tí wọ́n ń pè ní Type 2, àti CCS2 fún ẹ̀rọ ńlá. Tókúnbọ̀ Amẹ́ríkà ní Type 1 àti CCS1, tàbí ẹnu Tesla. Nissan Leaf tó ti pẹ́ ní CHAdeMO àwọn ará Japan. Èyí tó wá tààrà láti Ṣáínà ní GB/T, ihò ọ̀tọ̀ fún iná ilé, ihò ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ ńlá. Ẹnu GB/T ti iná ilé jọ Type 2 débi pé èèyàn á rò pé ọ̀kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kan ti yọ irin, ihò ni èkejì ní níbẹ̀. Wọn ò lè wọra wọn. Ẹni tó bá wakọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí ibùdó kan ní Victoria Island, nǹkan bí 40 kìlómítà, lè dé ibẹ̀ kí ó bá iná, kí ó bá àyè, kí ó má sì lè lo nǹkan kan. Ẹnu àsopọ̀ tó ń so irú kan mọ́ èkejì wà lọ́jà fún iná ilé, kò sì wọ́n jù. Ti ẹ̀rọ ńlá wọ́n, ayédèrú rẹ̀ sì léwu. Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ ṣí ìdérí ibi ìṣáàjì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ibùdó tí ẹ rò pé ẹ máa lò. Ẹni tó ra tókúnbọ̀ Amẹ́ríkà tún ní ohun mìíràn láti ṣọ́: àwọn wáyà kan tó bá ọkọ̀ yẹn wá jẹ́ ti 120 fóòtì nìkan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ ògiri tó ní 230. Tókúnbọ̀ tó wá láti Yúróòpù kò ní wàhálà yẹn.

Ní ti ibùdó ìta fúnra rẹ̀, ìtàn tiwa kò tíì gùn. Àjọ NADDC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ló kọ́ ibùdó onísólà sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó ní 2021, ó sì kọ́ òmíràn sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà lọ́dún kan náà. Yunifásítì Nsukka wà lára ètò náà pẹ̀lú. Olórí àjọ náà nígbà yẹn ni Jelani Aliyu, ọmọ Sókótó tó ya àwòrán ara Chevrolet Volt fún General Motors ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Victoria Island àti Lẹ́kí, níbi tí àwọn tó lówó ọkọ̀ náà pọ̀ sí. Láti Ìkòròdú, Akọkà kò ju nǹkan bí 25 kìlómítà lọ, Mile 12 àti Kétu ló sì ń sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn. N kò rí ìdí tí ẹnì kan fi máa jáde láti Ìgbógbó ní Ìkòròdú lọ ṣáàjì ní Akọkà tí ó sì máa padà. Á ti jó apá kan ohun tó rà kí ó tó délé. Ibùdó bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó ní iṣẹ́ lágbègbè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá pàápàá kì í wá ibùdó kiri. Nígbà tí LAMATA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà l'Ékòó, àti ilé-iṣẹ́ Oando Clean Energy gbé bọ́ọ̀sì oníná Yutong wá sí Èkó ní 2023, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìṣáàjì tó máa bọ́ ọ wá pẹ̀lú rẹ̀.

Ní Kútọnu àti Lomé, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Spiro ń gbé alùpùpù oníná sójú títì níbẹ̀, ọlọ́kadà kì í sì í dúró ṣáàjì rárá. Ó máa ń wọ ibùdó, á yọ bátìrì tó ti tán, á gba èyí tó kún, á lọ. Ó bá iṣẹ́ tirẹ̀ mu, nítorí pé bátìrì alùpùpù ṣeé fọwọ́ gbé. Bátìrì ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń wúwo tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò, ẹ̀rọ ló máa ń gbé e.

Máàpù orí fóònù wà tí ń fi ibùdó hàn, PlugShare ló lókìkí jù. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló ń kọ nǹkan síbẹ̀, nítorí náà ó gún régé níbi tí awakọ̀ oníná pọ̀ sí, ó sì ṣófo níbi tí wọn ò sí. Àmì kan lórí máàpù kò túmọ̀ sí pé iná wà níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n irú ẹnu tí wọ́n ní, kìlówáàtì mélòó ni, ṣé jẹ́nẹ́rétọ̀ ló ń gbé e nígbà tí NEPA bá lọ, ṣé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà máa jẹ́ kí àlejò wọlé. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ti bá ọ̀pọ̀ ìrìn àjò jẹ́ ju bátìrì lọ.

Ó kù ká wá rin ọ̀nà náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ gbé ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó ní Hyundai Kona, irú oníná tí ilé-iṣẹ́ Stallion gbé jáde ní Nàìjíríà ní 2020, ní bátìrì yúnìtì 64. Ìkéde tí wọ́n fi tà á ní 482 kìlómítà ló ń rìn. Ìjọba Amẹ́ríkà tó wọn ọkọ̀ kan náà rí 415. Ẹ gba èyí tó kéré gbọ́, kí ẹ tún yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ooru àti gegele ọ̀nà wa. Lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ 120 kìlómítà. Onítọ̀hún kò nílò ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀pẹ́. Ó tilẹ̀ lè gba Lẹ́kí àti Third Mainland Bridge padà sí Ìkòròdú tó bá wù ú, kí bátìrì ṣì ṣẹ́kù.

Ẹni tó ní Leaf àtijọ́ ni kí ó jókòó tì mí. Bátìrì àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ yúnìtì 24, nǹkan bí 21 ló sì ṣeé lò. Ọkọ̀ yìí kò ní omi tó ń mú bátìrì tutù, ooru sì ń jẹ ẹ́ run. Nílẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń jó bí iná, àwọn tó rà á ní 2011 bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láàárín ọdún kan sí méjì, títí Nissan fi ṣe onígbọ̀wọ́ fún agbára bátìrì náà. Ìlà kéékèèké méjìlá ló wà lápá ọ̀tún ojú ìwọ̀n rẹ̀ tó ń sọ ìlera bátìrì. Ẹ kà á kí ẹ tó nájà. Bí ó bá ku mẹ́jọ, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló kù: yúnìtì 14, tó lè rìn tó 85 kìlómítà. Ọkọ̀ yìí á dé Ẹ̀pẹ́, kò sì ní í padà láìgbaná. Ó gbọ́dọ̀ rí yúnìtì 8 ó kéré tán níbẹ̀, ìyẹn wákàtí mẹ́rin lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìgbéyàwó Ẹ̀pẹ́ kì í parí ní wákàtí mẹ́rin, nítorí náà àkókò wà. Iná ni kí ẹ wádìí, ṣáájú ọjọ́ Sátidé.

Ìwà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣáàjì ọkọ̀ nílé àna rẹ̀ ń jẹ káàdì àna rẹ̀. Yúnìtì 8 tàbí 9 lè jẹ́ ohun tí màmá yẹn ń fi ṣe ọjọ́ méjì, mítà kì í sì í pa á mọ́ pé ọkọ ọmọ wọn ló jẹ ẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà mítà náà kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ra yúnìtì ogún sí i lórí fóònù, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ fi wáyà bọ ibí o, mo ti fi káàdì ránṣẹ́." Wọ́n á gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́jọ́ yẹn àti lọ́jọ́ mìíràn.

Lójú ọ̀nà, eré ni ọ̀tá bátìrì. Afẹ́fẹ́ tó ń ta ko ọkọ̀ ní 110 kìlómítà ní wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 80. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, kò ṣe nǹkan kan: nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, mọ́tò rẹ̀ kì í jẹ iná, nígbà tó bá sì ń rọra tẹ búrékì, ó ń dá díẹ̀ padà sínú bátìrì. Ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń jẹun, nǹkan bíi kìlówáàtì kan tàbí ó lé díẹ̀. Wákàtí méjì ní oríta Ìkòròdú lè gba kìlómítà bíi 12 sí 18 lọ́wọ́ yín. Ẹ ti mọ iye tó jẹ́, ẹ fi sínú ìṣirò. Ìtóìkín ti kọjá ìdajì ọ̀nà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wo ojú ìwọ̀n. Tí ohun tó kù kò bá tó ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nílé, ẹ dín eré kù sí 60, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, nǹkan á yípadà kí ẹ tó dé Nófọríjà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Lásìkò òjò, ẹ má wọ àgbàrá tí ẹ kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti di bátìrì náà pa kí omi má wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò retí kí ẹ fi í lúwẹ̀ẹ́.

Bí gbogbo ìṣirò bá wá já sófo, ọkọ̀ oníná kì í kú lójijì bí èyí tí epo tán nínú rẹ̀. Á kọ́kọ́ kìlọ̀, á tún kìlọ̀, eré rẹ̀ á wá dínkù. Lára Leaf, àwòrán ìjàpá ló máa yọ lójú ìwọ̀n. Ìwọ̀nba tó kù nígbà náà kò pọ̀, ẹ má fi wá ibùdó. Ẹ fi yà sí ibi tó níná tó súnmọ́ jù lọ, ilé epo sì ni ó sábà máa ń jẹ́, nítorí pé jẹ́nẹ́rétọ̀ ńlá wà níbẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ àti ìmọ́lẹ̀. Ẹ bá ọ̀gá ibẹ̀ dúnàádúrà. Wákàtí kan lára sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á fún yín ní nǹkan bí kìlómítà 12. Bí ó bá sì kú pátápátá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn wọ́ ọ: táyà tó ń fa ọkọ̀ ń yí mọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe ń yí, mọ́tò náà á máa pèsè iná tí kò ní ibi tó ń lọ, ó sì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ onípẹpẹ, tó ń gbé gbogbo táyà mẹ́rin kúrò nílẹ̀, ni kí ẹ pè, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì ti wà nínú fóònù yín kí ẹ tó kúrò ní Ìkòròdú.